Ẹ̀yìn ríro àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìntì: Kí ẹ tó ta ilẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́ 'stem cell'



Ní Kàdúná tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìntì pọ̀ púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá gba ìtọ́jú. Ọ̀kan nínú wọn wọlé wá bá mi ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Sájẹ́ǹtì, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àdúgbò rẹ̀ ń pè é. Kò lè jókòó. Ìdúró ló dúró, ó fi ọwọ́ kan di etí tábìlì mi mú, ó fi ìkejì ti ìbàdí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó pọn ọmọ oṣù méje, ló ń bá a sọ̀rọ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo nǹkan yìí." Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Fídíò ìpolówó kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ stem cell kan wà tó ń sọ ẹ̀yìn tó ti gbó di ọ̀tun láìsí iṣẹ́ abẹ. Iye tí wọ́n dá lé e ju gbogbo owó tí bàbá náà gbà lọ́jọ́ tó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ lọ. "Bàbá ní ilẹ̀ kan ní Ìlọrin. A ti rí ẹni tó fẹ́ rà á. Ṣé ká tà á?"

Sájẹ́ǹtì kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Dókítà, ẹ má wo ojú mi sọ̀rọ̀ o. Ọmọ tí mo bí ló ń bá mi so okùn bàtà báyìí. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá máa jẹ́ kí n lè gbé ọmọ-ọmọ mi, kí ilẹ̀ náà máa lọ."

Fẹ̀yìntì ni à ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó yẹ kí bàbá fi ti nǹkan gan-an ló ń dà á láàmú. Ìbéèrè ìdílé yìí ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, nítorí kì í ṣe àwọn nìkan ló ń bi mí.

Kí ló ń ṣe ẹ̀yìn ṣọ́jà?

Sájẹ́ǹtì wà lára àwọn tí Nàìjíríà kó lọ sí Làìbéríà lábẹ́ ECOMOG, ikọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá sílẹ̀ lọ́dún 1990 nítorí ogun tó ń jà níbẹ̀. Ó sọ fún mi nípa ìbọn, ọta, omi àti àpò tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó sọ nípa jíjókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù lórí ọ̀nà gbágungbàgun, fífò sílẹ̀ láti orí ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, àti sísùn sórí ilẹ̀ lásán. Gbogbo ìyẹn ni ẹ̀yìn ń kọ sílẹ̀ bíi gbèsè.

Ẹ̀yìn wa kì í ṣe eegun kan gbọọrọ. Eegun kéékèèké ló to ara wọn léra, tìmùtìmù kan sì wà láàárín èkíní àti èkejì. Tìmùtìmù yìí ni àwa dókítà ń pè ní dísìkì. Mẹ́tàlélógún (23) ni wọ́n. Ìta dísìkì yi bíi rọ́bà táyà. Inú rẹ̀ rọ̀, omi sì pọ̀ níbẹ̀, ó dà bí ẹ̀kọ tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ewé. Òun ló ń gba ìjì fún eegun nígbà tí a bá ń rìn, tí a bá ń fò, tàbí tí a bá gbé ẹrù.

Ìṣòro dísìkì ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í wọ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Oúnjẹ rẹ̀ ń rọra jò wọlé láti ara eegun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí awọ ọwọ́ bá bó, ó lè jinná láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n bí dísìkì bá ya, ó lè má padà sípò bó ṣe wà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, omi inú rẹ̀ ń gbẹ, ó ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Sìgá sì máa ń mú kó tètè gbó. Nígbà mìíràn, ìta rẹ̀ yóò ya, inú rẹ̀ yóò sì yọ síta, á tẹ iṣan ìmọ̀lára tó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìrora máa ń ta láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bíi ti iná mànàmáná.

Àwòrán kì í sọ gbogbo òtítọ́

Sájẹ́ǹtì ti ya àwòrán MRI kó tó wá. Ìwé èsì náà wà nínú ọ̀rá dúdú tó gbé dání, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé dísìkì méjì ti gbó nísàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdílé rẹ̀ ti gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí: ó gbó, kí a fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ kó àwọn ìwádìí jọ lórí àwòrán ẹ̀yìn àwọn èèyàn tí ẹ̀yìn kò ro rárá. Nínú 100 ẹni 20 ọdún, 37 ni àwòrán fi hàn pé dísìkì wọn ti ń gbó. Nínú 100 ẹni 80 ọdún, 96 ni. Ara kò sì ro wọ́n o! Dísìkì tó gbó dà bí ewú orí: ó lè wà lórí ẹni láìfa wàhálà. Nítorí náà, kí àwòrán fi dísìkì gbígbó hàn kò túmọ̀ sí pé dísìkì yẹn gan-an ló ń fa ìrora. Ó lè jẹ́ oríkèé kéékèèké ẹ̀yìn, ó lè jẹ́ ẹran ara, ó sì lè jẹ́ nǹkan tó burú ju gbogbo wọn lọ, èyí tí mo máa tó dárúkọ.

Nǹkan mìíràn tí àwọn olùpolówó kì í sọ ni pé dísìkì tó yọ síta lè súnkì fúnra rẹ̀. Àwọn ìwádìí tí wọ́n kó jọ lọ́dún 2015 fi hàn pé nínú irú èyí tó já kúrò lára dísìkì pátápátá, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó súnkì láìsí iṣẹ́ abẹ. Ara ló ń tún ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní ó ń sọ dísìkì di ọ̀tun

Oríṣi méjì lẹ máa gbọ́ jù.

Èkíní ni PRP. Wọn á fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀, wọn á yí i nínú ẹ̀rọ títí àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì àti egbò jinná yóò fi kó jọ sójú kan, wọn á wá gún un sínú dísìkì. Lọ́dún 2016, Dókítà Yetsa Tuakli-Wosornu, ọmọ ìran Gánà tó ti ṣojú Gánà rí nínú eré ìdárayá fífò jìnnà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti New York. Èèyàn 47 ni wọ́n fi ṣe é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ara tu àwọn tó gba PRP ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èèyàn 47 kéré. Nígbà tó sì di ọdún 2022, ìwádìí kékeré mìíràn fi PRP wé omi iyọ̀ lásán, kò sì rí ìyàtọ̀.

Ìkejì ni stem cell. Sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì pinnu ohun tó máa dà ni: ó lè di eegun, ó lè di ọ̀rá, ó lè di eegun rírọ̀ bíi ti etí. Wọ́n máa ń fà á láti inú mùdùnmúdùn eegun ìbàdí tàbí láti inú ọ̀rá ikùn, nígbà mìíràn láti ara ẹlòmíràn. Èrò wọn ni pé bí ó bá dé inú dísìkì, yóò tún un kọ́. Èrò tó dára ni, àwọn onímọ̀ gidi ló sì ń lépa rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Mesoblast ti Ọsirélíà dán tiwọn wò lára èèyàn 404, wọ́n sì fi àwọn kan sí ọwọ́ omi iyọ̀ láti fi ṣe àfiwé. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2021, kò kan òṣùwọ̀n àṣeyọrí tí àwọn fúnra wọn ti là kalẹ̀ ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrora dín kù fún àwọn kan. Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mìíràn.

Amẹ́ríkà ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà fún ìtọ́jú àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí. Ìlànà tí ilé iṣẹ́ yìí àti ilé iṣẹ́ ààbò wọn jọ gbé jáde lọ́dún 2022 lórí ẹ̀yìn ríro sọ pé ẹ̀rí kò tíì tó láti ní kí a lo PRP tàbí stem cell, kò sì tíì tó láti ní kí a má lò ó. Àjọ tó ń ṣàkóso oògùn níbẹ̀, FDA, kò tíì fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ stem cell kankan fún ẹ̀yìn ríro. Bí àwọn tó lówó tó bẹ́ẹ̀ bá ṣì ń fẹsẹ̀ palẹ̀, kí ni olùpolówó orí WhatsApp mọ̀ tí wọn kò mọ̀?

Ewu náà kì í ṣe ti owó nìkan. Abẹ́rẹ́ tó wọ inú dísìkì lè gbé kòkòrò wọlé, níbi tí ẹ̀jẹ̀ kì í tó dé yẹn, kòkòrò kì í tètè kú. Lọ́dún 2016, ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà kọ nípa ọkùnrin ẹni 66 ọdún kan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló ń ṣe é, ó sì lọ gba abẹ́rẹ́ stem cell ní ilẹ̀ òkèèrè, títí kan èyí tí wọ́n gún sínú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe tirẹ̀ hù níbẹ̀ bí kókó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì túbọ̀ ń rọ. Sẹ́ẹ̀lì tó lè di ohunkóhun, ó lè di ohun tí a kò fẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó burú jù

Kí n tó bá Sájẹ́ǹtì sọ̀rọ̀ dísìkì rárá, mo bi í nípa ìtọ̀. Ọmọ rẹ̀ wò mí bíi pé mo ti ṣìnà. Mi ò ṣìnà. Ní ti ọkùnrin tó ti lé ní 50 ọdún, pàápàá àwa aláwọ̀ dúdú, jẹjẹrẹ prostate wọ́pọ̀, eegun ẹ̀yìn sì ni ó sábà máa ń sá lọ. Mo ti rí bàbá kan tó mu àgbo ọ̀pá-ẹ̀yìn fún oṣù mẹ́jọ, tí wọ́n sọ fún un pé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣe é, tí wọ́n sì ń gún un ní diclofenac ní ṣọ́ọ̀bù oògùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, jẹjẹrẹ ti wọ eegun. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní PSA ì bá ti ta wá lólobó.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ń wọ eegun ẹ̀yìn, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀yìn yóò fi tẹ̀. Ó lè mú ọmọdé, ó lè mú àgbà. Ó ní oògùn, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀ ní àwọn ibùdó ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ìjọba káàkiri Nàìjíríà. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ta ilẹ̀ gba abẹ́rẹ́ dísìkì, nígbà tó jẹ́ pé oògùn ọ̀fẹ́ ló yẹ kó máa lò.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn àmì wọ̀nyí lára ẹni yín, ẹ má dúró de ọ̀la, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ:

• Kò lè tọ̀, tàbí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń bọ́ lára rẹ̀ láìmọ̀.
• Àárín itan àti ojú ìdí rẹ̀ kú tipiri, bí ibi tí èèyàn fi ń jókòó sórí ẹṣin.
• Ẹsẹ̀ kan tàbí méjèèjì ń rọ sí i lójoojúmọ́.
• Ibà tàbí òógùn òru ń bá ẹ̀yìn ríro náà rìn, tàbí ó ń rù láìnídìí.
• Ìrora náà kì í sinmi lóru, bó ti wù kó dùbúlẹ̀ tó.
• Ó ti ní jẹjẹrẹ rí, tàbí ó ṣubú kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro.

Mẹ́ta àkọ́kọ́ lè túmọ̀ sí pé nǹkan ti há iṣan ìmọ̀lára mọ́. Wákàtí ni a fi ń ka irú ìyẹn, a kì í fi ọjọ́ kà á. Bí iṣẹ́ abẹ bá pẹ́, ẹsẹ̀ tàbí ìtọ̀ lè má bọ̀ sípò mọ́.

Kí ló wá ń ṣiṣẹ́?

Lóṣù Kejìlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde lórí ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́ lára. Ohun tó wà níbẹ̀ kò dán bí ìpolówó. Ó ní kí a la àìsàn náà yé aláìsàn dáadáa, kí ó máa ṣe eré ìdárayá, kí a tọ́jú ọkàn rẹ̀ bí ó bá nílò rẹ̀, kí ó sì lo oògùn ìrora bí ibuprofen níwọ̀nba. WHO ní kí a má fi bẹ́líìtì ẹ̀yìn ṣe ìtọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí a má lo àwọn oògùn ìdílé opioid. Tramadol wà lára wọn. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí bàbá yín ń rán lọ ra tramadol: ó máa ń di bárakú, ìrora á sì padà bí oògùn bá ti tán lójú. Diclofenac àti ibuprofen náà kì í ṣe oúnjẹ. Bí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín bá ń lò ó lójoojúmọ́ láìsọ fún dókítà, ó ń wá ìjàngbọ̀n.

Ní San Diego ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi 150 èèyàn tó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí, tí ẹ̀yìn sì ń ro wọ́n, ṣe ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017. Wọ́n kọ́ apá kan ní ìnara yoga lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n ní kí apá kejì ṣì dúró. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdíwọ́ tí ẹ̀yìn ń ṣe fún ìgbòkègbodò àwọn tó nara dín kù ju ti àwọn tó dúró lọ. Bí yoga kò bá bá ìgbàgbọ́ yín mu, kò sí ìjà. Eré ìdárayá tí ẹ bá lè máa ṣe lọ láìṣíwọ́ ló dára jù fún yín.

Ìrìn lásán ńkọ́? Ní Ọsirélíà, wọ́n fi èèyàn 701 tí ẹ̀yìn ríro ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ṣe ìwádìí tó jáde lọ́dún 2024. Wọ́n fi díẹ̀díẹ̀ kọ́ àwọn kan títí wọ́n fi ń rìn tó nǹkan bí ìlàjì wákàtí, ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀. Ní ìwọ̀n ààrín, ọjọ́ 208 ni ẹ̀yìn ríro tó ń dí èèyàn lọ́wọ́ fi jìnnà sí àwọn tó rìn kó tó padà. Ọjọ́ 112 ni fún àwọn yòókù. Bàtà tó dára àti ẹni tí a ó jọ máa rìn ni owó rẹ̀.

Fún àwọn tó ti jagun, ọ̀rọ̀ ọkàn kì í ṣe àfikún. Sájẹ́ǹtì sọ fún mi pé òun kì í sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ lóru, pé òun ṣì ń gbọ́ ariwo ìbọn lójú oorun. Ara tí kò sùn máa ń mọ ìrora lára ju bó ṣe yẹ lọ. Bí bàbá yín bá ń pariwo lójú oorun, tó ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, tàbí tó ń bínú lórí nǹkan kékeré, ẹ má pè é ní ìwà burúkú. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Iṣẹ́ abẹ ní àyè tirẹ̀, pàápàá nígbà tí dísìkì bá tẹ iṣan ìmọ̀lára tí ìrora ẹsẹ̀ kò sì lọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ìtọ́jú. Àwọn ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Igbobi ní Èkó, ní Dala ní Kánò àti ní Enugu. Ilé ìwòsàn ńlá ti àwọn ológun, 44 Nigerian Army Reference Hospital, wà níbí ní Kàdúná.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́ náà

Mi ò ní kí ẹ má lọ, owó yín ni, ara yín sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè nǹkan márùn-ún yìí, kí ẹ sì gba ìdáhùn rẹ̀ lákọsílẹ̀:

1. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé dísìkì yìí gan-an ló ń fa ìrora?
2. Kí lẹ fẹ́ gún sí mi lára, ara ta ni ó sì ti wá?
3. Ṣé ìwádìí ni àbí ìtọ́jú? Bí ìwádìí bá ni, ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí wo ló fọwọ́ sí i? Nínú ìwádìí gidi, kì í sábà jẹ́ aláìsàn ló ń ra ohun tí wọ́n ń dán wò.
4. Ṣé orúkọ dókítà tó fẹ́ gún un wà nínú ìwé ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, MDCN?
5. Bí ibà bá mú mi lóru Sátidé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, ta ni mo máa pè?

Ọmọ Sájẹ́ǹtì pe nọ́ńbà inú ìpolówó náà níṣojú mi, ó sì ka ìbéèrè wọ̀nyí sí wọn létí. Ẹni tó gbé e dáhùn ní ẹ̀dínwó yóò wà bí wọ́n bá san owó kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Kò dáhùn ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

Wọn kò ta ilẹ̀. A ṣe àyẹ̀wò PSA fún bàbá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Onífisiotẹ́rápì kọ́ ọ ní eré ìdárayá, a fi í mọ ẹni tó ń tọ́jú ọkàn, ọmọ rẹ̀ sì ń pọn ọmọ bá a rìn lójoojúmọ́ kí oòrùn tó mú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Oṣù kejì nira, ó sì fẹ́ dá a dúró. Ẹ̀yìn náà ṣì ń ro ó, mi ò ní parọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, ọjọ́ tí Nàìjíríà máa ń rántí àwọn ológun rẹ̀ nítorí ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó fi àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ sáyà, ó sì lọ sí ibi ayẹyẹ. Ó dúró dé ìdajì, ó wá jókòó. Nígbà tó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ-ọmọ òun fún òun. Ọmọ rẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Okùn bàtà rẹ̀ wà ní síso. Ó ní òun fúnra òun ló so ó láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni.